Mi ò mọ kóòdù kọ: kí ni mo lè ṣe fún sọ́fítíwíà open source?

Obìnrin kan tó jẹ́ akọ̀wé ní ilé ìwé aládàáni kan ní Ìbarà, ní Abẹ́òkúta wa níbí, ló fi ìbéèrè yìí ránṣẹ́ sí mi. Ó kọ ọ́ báyìí pé: "Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá mi. Ilé ìwé wa ń lo sọ́fítíwíà ọ̀fẹ́ kan láti fi tọ́jú orúkọ àti máàkì àwọn ọmọ, nítorí agbára wa kò ká èyí tí wọ́n ń tà. Ó ń ràn wá lọ́wọ́ gan-an, ṣùgbọ́n bí mo bá wá orúkọ ọmọ tó ní àmì, bíi Ṣẹ́gun, nígbà mìíràn yóò rí i, nígbà mìíràn yóò ní kò sí. Ní nǹkan bí oṣù mẹ́rin sẹ́yìn, mo kọ̀wé sí àwọn tó ṣe é pé, 'Sọ́fítíwíà yín kò ṣiṣẹ́ pẹ̀lú orúkọ Yorùbá, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá wa tún un ṣe kíákíá.' Wọn kò fèsì títí di òní. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń kọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ní yunifásítì ní open source ni, pé gbogbo ayé ló lè dá sí i, ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ kóòdù kọ nìkan ni wọ́n máa ń ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí, pé àwọn tó sì mọ̀ ọ́n ti tibẹ̀ rí iṣẹ́ olówó dọ́là. Ọkọ mi ní tirẹ̀ ní òyìnbó kàn fẹ́ máa fi wá ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́ ni. Mi ò mọ kóòdù kọ, ṣùgbọ́n sọ́fítíwíà yìí wúlò fún wa, mo sì fẹ́ ṣe nǹkan kan fún un. Kí ni mo lè ṣe?"

Ẹ kú iṣẹ́ takuntakun, Ìyáàfin. Bí mo ṣe ka ìwé yín, ohun mẹ́rin ló lọ́ mọ́ra wọn nínú rẹ̀: bóyá ẹni tí kò mọ kóòdù kọ ní ipa tó lè kó, ìdí tí wọn kò fi dá yín lóhùn, bóyá owó wà níbẹ̀, àti bóyá ìrẹ́jẹ ni. Ọmọ ẹ̀gbọ́n yín ṣì í lórí ọ̀rọ̀ kóòdù, ó sọ òótọ́ díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ owó. Ọkọ yín náà kò sọ̀rọ̀ òfo, ṣùgbọ́n ibi tó kọjú sí kọ́ ni ìṣòro náà wà.

Sọ́fítíwíà open source ni èyí tí àwọn tó kọ ọ́ gbé kóòdù rẹ̀, ìyẹn àwọn àṣẹ tí wọ́n kọ fún kọ̀ǹpútà, sí gbangba, tí wọ́n sì fi ìwé àṣẹ tì í lẹ́yìn pé ẹnikẹ́ni lè lò ó, kó yẹ inú rẹ̀ wò, kó tún un ṣe, kó sì pín in fún ẹlòmíràn. Ọdún 1983 ni Richard Stallman kéde iṣẹ́ GNU, láti kọ sọ́fítíwíà ọ̀fẹ́ tó ń darí kọ̀ǹpútà, ní Amẹ́ríkà. Ní 1991, Linus Torvalds, tó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Helsinki nígbà náà, gbé Linux jáde, ìyẹn ọkàn sọ́fítíwíà tó ń darí kọ̀ǹpútà. 1998 ni wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í lo orúkọ open source fún irú iṣẹ́ yìí. Bí fóònù Android bá wà lọ́wọ́ yín, Linux ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Nítorí pé irú orúkọ ńlá bẹ́ẹ̀ ló máa ń wá sí ọkàn wa, a máa ń rò pé ilé iṣẹ́ tó ní òṣìṣẹ́ rẹpẹtẹ ló wà lẹ́yìn gbogbo wọn. Òótọ́ ni ní ti Linux, torí pé àwọn tí ilé iṣẹ́ ń sanwó oṣù fún ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ rẹ̀ lónìí. Ṣùgbọ́n àìmọye sọ́fítíwíà kéékèèké ló wà tó jẹ́ pé ẹnì kan tàbí ẹni méjì ló ń tọ́jú wọn, lálẹ́, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ibi iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ wọn dé. Àwọn ńlá náà kò bọ́ nínú rẹ̀ pátápátá. Nígbà tí wọ́n rí àléébù tí wọ́n ń pè ní Heartbleed nínú OpenSSL ní 2014, ìgbà náà ni aráyé ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé ìwọ̀nba ènìyàn díẹ̀ ló ń tọ́jú ohun tí báńkì àti ilé ìtajà orí íntánẹ́ẹ̀tì fi ń pa àṣírí oníbàárà mọ́, tí owó ìtọrẹ tó ń wọlé fún wọn lọ́dún kò sì ju nǹkan bíi dọ́là 2,000 lọ.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tó fa ìdákẹ́jẹ́ oṣù mẹ́rin yẹn, ẹ wo bí ọ̀wẹ̀ ṣe ń rí. Ẹni tó bẹ ọ̀wẹ̀ ló ń se oúnjẹ, òun ló ń fi ibi tí olúkúlùkù máa ro hàn án, òun náà ló sì máa tún ebè tí ẹnì kan bá kọ wọ́gọwọ̀gọ kọ. Bí ogún ènìyàn bá dé tí ẹnikẹ́ni kò mú ọkọ́ lọ́wọ́, ìnáwó lásán ni ọ̀wẹ̀ náà dà. Ẹni tó ń tọ́jú sọ́fítíwíà wà ní irú ipò yẹn. Ohun tó wọ́n lọ́wọ́ rẹ̀ jù lọ kì í ṣe kóòdù. Àyè àti ìfarabalẹ̀ ni. Nítorí náà, ohun kan ṣoṣo ni mo fi ń wọn ìrànlọ́wọ́ kí n tó fi ránṣẹ́: ṣé ó sọ ẹrù ẹni yìí kalẹ̀, àbí ó gbé òmíràn rù ú? Ẹni tó mọ kóòdù kọ dáadáa lè gbé ẹrù ru ènìyàn, akọ̀wé ilé ìwé sì lè sọ ọ́ kalẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo ìwé tí ẹ kọ sí wọn. Òótọ́ ni ohun tó wà níbẹ̀, kò sì sí àrífín nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó kà á lè má tíì gbọ́ Yorùbá sétí rí. Kò mọ orúkọ tí ẹ wá, kò mọ ẹ̀dà sọ́fítíwíà tó wà lọ́wọ́ yín, kò mọ̀ bóyá Windows ni tàbí Linux, kò mọ irú kíbọ́ọ̀dù tí ẹ fi tẹ àmì náà. Kó tó lè fọwọ́ kan ohunkóhun, ó ní láti bi yín ní gbogbo ìwọ̀nyí, kó sì máa retí èsì. Ó ní òun yóò ṣe é lọ́la, ọ̀la ń bí ọ̀la.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ gan-an, mo fura sí i gidigidi, nítorí mo ti bá a pàdé nínú sọ́fítíwíà tó ju ẹyọ kan lọ. Ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà lè gbà kọ lẹ́tà olámì Yorùbá pọ̀. Ẹ mú lẹ́tà kejì nínú Ṣẹ́gun. Unicode, ìlànà tí àwọn kọ̀ǹpútà fi ń fún lẹ́tà gbogbo èdè ní nọ́ńbà, ní nọ́ńbà kan fún ẹ, ìyẹn U+1EB9, ó sì ní òmíràn fún é, ìyẹn U+00E9, ṣùgbọ́n kò ní nọ́ńbà ẹyọ kan fún ẹ tó gbé àmì òkè lórí. Kíbọ́ọ̀dù kan lè tẹ ẹ, kó fi àmì òkè lé e. Òmíràn lè tẹ é, kó fi àmì ìsàlẹ̀ sí i. Ẹ̀kẹta lè tẹ e lásán, kó sì to àmì méjèèjì tẹ̀ lé e. Ṣ pàápàá lè jẹ́ nọ́ńbà kan, ó sì lè jẹ́ S pẹ̀lú àmì ìsàlẹ̀. Ojú wa kò lè fi ìyàtọ̀ kankan hàn wá, ṣùgbọ́n nọ́ńbà ni kọ̀ǹpútà ń kà. Unicode fúnra rẹ̀ ti là á sílẹ̀ pé ọgbọọgba ni àwọn ọ̀nà wọ̀nyí, ó sì ti kọ́ni bí sọ́fítíwíà yóò ṣe sọ wọ́n di ọ̀kan kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá nǹkan. Ẹni tí èdè tirẹ̀ kò ní àmì lábẹ́ àti lórí lè gbàgbé ìgbésẹ̀ yẹn láìmọ̀. Ọ̀kan tún wà tó le jù bẹ́ẹ̀ lọ: àwọn kan máa ń fi ìlà kékeré tó dúró ṣánṣán sábẹ́ lẹ́tà, ìyẹn U+0329, dípò àmì roboto, Unicode kò sì ka ìyẹn sí ọ̀kan náà rárá. Bí ẹ̀yin bá fi kíbọ́ọ̀dù kọ̀ǹpútà tẹ orúkọ ọmọ kan wọlé ní ìbẹ̀rẹ̀ táàmù, tí akọ̀wé kejì wá fi fóònù rẹ̀ tẹ orúkọ náà nígbà tó ń wá a, ohun tí ẹ̀ ń rí yẹn ló máa ṣẹlẹ̀.

Ẹ tún ìwé náà kọ, ní èdè Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń lò níbẹ̀, ẹ má sì jẹ́ kí ó dààmú yín bí Gẹ̀ẹ́sì náà kò bá dán. Ohun tí yóò wà níbẹ̀ nìyí: "Ẹ̀dà báyìí ni mò ń lò, lórí Windows 10. Mo fi kíbọ́ọ̀dù kọ̀ǹpútà tẹ Ṣẹ́gun sínú àkọsílẹ̀ ọmọ tuntun, mo sì fi í pamọ́. Lẹ́yìn náà, mo ṣe ẹ̀dà Ṣẹ́gun láti inú àtẹ̀jíṣẹ́ tí wọ́n fi fóònù tẹ̀, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú ibi tí a ti ń wá orúkọ. Mo retí pé yóò gbé ọmọ náà jáde. Ó ní kò sí irú orúkọ bẹ́ẹ̀. Mo lẹ orúkọ méjèèjì síbí bí wọ́n ṣe wà, kí ẹ lè yẹ inú wọn wò." Ẹ̀dà tí ẹ̀ ń lò, ohun tí ẹ ṣe ní ṣísẹ̀-n-tẹ̀lé, ohun tí ẹ retí, ohun tí ẹ rí. Ẹni tó bá gba irú ìwé yìí lè jókòó, kó tún ohun tí ẹ ṣe ṣe lórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀, kó sì rí àléébù náà kó tó mu tíì rẹ̀ tán. Mo fẹ́ kí ẹ kíyè sí ohun kan gidigidi: gbangba ni irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀ máa ń wà, ẹnikẹ́ni lágbàáyé ló lè kà á. Bí ẹ bá fẹ́ fi àwòrán ojú kọ̀ǹpútà sí i, ẹ ṣe ọmọ àfinúrò kan. Orúkọ, máàkì àti nọ́ńbà fóònù òbí ọmọ tòótọ́ kò gbọdọ̀ hàn níbẹ̀. Bó bá sì jẹ́ pé àléébù tí ẹ rí lè jẹ́ kí àjèjì wọlé sínú àkọsílẹ̀ àwọn ọmọ, ẹ má kọ ọ́ sí gbangba rárá. Ẹ wá àdírẹ́sì ìkọ̀kọ̀ tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ọ̀rọ̀ ààbò, kí ẹ sì fi í ránṣẹ́ síbẹ̀.

Kí ẹ tó fi ránṣẹ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ bíi mélòó kan wá inú àwọn ẹ̀sùn tó ti wà nílẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí ará Vietnam kan ti ké gbàjarè nípa ohun kan náà, torí àmì ìsàlẹ̀ àti àmì ohùn wà nínú èdè tiwọn náà. Bó bá ti wà níbẹ̀, ẹ má ṣí òmíràn. Ẹ fi àpẹẹrẹ tiyín kún ti àkọ́kọ́. Iṣẹ́ yìí gan-an, ìyẹn títún ẹ̀sùn àtijọ́ yẹ̀ wò, ni mo rò pé ó bá ipò yín mu jù lọ nínú gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ. Sọ́fítíwíà tó bá ti wà lọ́wọ́ ènìyàn fún ọdún díẹ̀ máa ń ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún ẹ̀sùn tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ bóyá wọ́n ṣì jẹ́ òótọ́. Ẹ lè mú ẹyọ mẹ́ta lọ́jọ́ Sátidé, kí ẹ tẹ̀ lé ohun tí oníẹ̀sùn kọ lórí ẹ̀dà tó jáde kẹ́yìn, kí ẹ sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ó ṣì ń ṣẹlẹ̀, tàbí pé kò ṣẹlẹ̀ mọ́, tàbí pé ẹ̀sùn ti òní yìí jọ ti èṣí. Kò gba kóòdù kankan. Àwọn tó ń tọ́jú sọ́fítíwíà kì í tètè gbàgbé orúkọ ẹni tó bá ń ṣe é, mo sì ti rí i ju ẹ̀ẹ̀kan lọ tí wọ́n fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní àṣẹ láti máa ti ẹ̀sùn tó ti parí kó tó pé ọdún kan. Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá tí ẹ kò gbọ́ nǹkan lórí ẹ̀sùn yín tuntun, ẹ fi gbólóhùn kan péré rán wọn létí. Bí ẹ bá sì rí i pé kò sí ẹni tó fọwọ́ kan kóòdù náà fún ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹni tó ni ín ti lè fi í sílẹ̀ nìyẹn, kò sì sí bí ìwé yín ṣe lè dára tó tí yóò jí i padà. Ìgbà náà ni kí ilé ìwé yín bẹ̀rẹ̀ sí í wo ibòmíràn, kí ẹ sì tètè kó àkọsílẹ̀ yín jáde.

Ìwé ìlò náà wà. Ẹni tó kọ sọ́fítíwíà ni ẹni tí kò yẹ kó dá kọ ìwé tó ń ṣàlàyé rẹ̀, nítorí kò rántí ohun tí kò mọ̀ mọ́. Ẹ̀yin lẹ mọ ibi tí olùkọ́ tuntun ti máa ń sọnù nígbà tó bá fẹ́ tẹ máàkì ìdánwò sínú rẹ̀. Ẹ kọ ojú ewé kan lórí ìyẹn, ìgbésẹ̀ kan lẹ́yìn òmíràn, pẹ̀lú àwòrán, kí ẹ sì bi wọ́n bóyá wọ́n fẹ́ ẹ kí ẹ tó kọ ojú ewé ogún. Tún gbólóhùn tó rújú ṣe, yọ ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀ mọ́ kúrò. Ìwọ̀nba bẹ́ẹ̀ pàápàá jẹ́ iṣẹ́.

Ìtumọ̀ sí Yorùbá ni ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń kọ́kọ́ dá lábàá, kò sì yani lẹ́nu ní Abẹ́òkúta, ìlú tí ìwé ìròyìn Yorùbá tó ń jẹ́ Ìwé Ìròyìn ti jáde ní 1859. Irinṣẹ́ bíi Weblate, àti Pontoon tí Mozilla ń lò, máa ń gbé gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì kalẹ̀ lápá kan kí ẹ tẹ Yorùbá rẹ̀ sí apá kejì, láìfọwọ́ kan kóòdù. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà ní ẹ̀gún tirẹ̀. Ẹ ó máa rí àmì bíi %s àti %d láàrin gbólóhùn; ibẹ̀ ni sọ́fítíwíà máa fi orúkọ tàbí iye sí nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́. Bí ẹ bá rí "%d files deleted", ẹ lè kọ ọ́ pé "A ti pa fáìlì %d rẹ́". Àmì %d yẹn kò gbọdọ̀ sọnù, kò sì gbọdọ̀ ní àlàfo láàrin àmì àti lẹ́tà rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, sọ́fítíwíà lè kọ̀ láti ṣí. Irinṣẹ́ náà lè bi yín léèrè ìtumọ̀ méjì, ọ̀kan fún ẹyọ, èkejì fún ọ̀pọ̀, nítorí Gẹ̀ẹ́sì máa ń yí ọ̀rọ̀ padà bí iye bá kọjá ẹyọ kan. Ti Yorùbá kì í yí padà, fáìlì 1 àti fáìlì 50 ni, ìlànà tí Unicode kọ fún àwọn èdè sì ti fi Yorùbá sí ara àwọn tó ní ẹyọ ìrísí kan ṣoṣo. Bí sọ́fítíwíà náà bá ṣì ń béèrè méjì, ètò Yorùbá nínú rẹ̀ ló nílò àtúnṣe, ẹ̀sùn tó dára sì nìyẹn. Bọ́tìnnì náà kéré. "Fi pamọ́" yóò wọ̀ ọ́, gbólóhùn gígùn kò ní wọ̀ ọ́.

Èrò mi lórí ìtumọ̀ kò dùn mọ́ gbogbo ènìyàn nínú. Mo gbà pé kí ẹnikẹ́ni má bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní òun nìkan. Ìtumọ̀ tó dúró sí ìdajì máa ń fún oníṣẹ́ ní ojú kọ̀ǹpútà tó jẹ́ àmúlùmálà, bọ́tìnnì kan ní Yorùbá, ìkìlọ̀ abẹ́ rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì, àwọn sọ́fítíwíà kan kì í sì gbé èdè kan jáde títí ìtumọ̀ rẹ̀ yóò fi dé ìwọ̀n tí wọ́n dá. Ẹ wá ẹnì kejì, kí ó máa ka ohun tí ẹ kọ, kí ẹ jọ fẹnu kò lórí ọ̀rọ̀ bí ọgbọ̀n tó máa ń padà wá lemọ́lemọ́ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì kọ àmì ohùn sí i tọkàntọkàn. Ìtumọ̀ tí wọ́n ṣe ẹ̀dà rẹ̀ láti inú ẹ̀rọ atúmọ̀ láìkà á kò ṣàǹfààní; ẹni tó máa tún un ṣe lẹ́yìn náà yóò ṣiṣẹ́ ju ẹni tó bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ lọ.

Bó bá jẹ́ pé fóònù nìkan lẹ ní nílé, tí dátà sì wọ́n, iṣẹ́ méjì kan wà tó sún mọ́ ọ̀rọ̀ yìí. Mozilla dá Common Voice sílẹ̀ ní 2017 láti kó ohùn ènìyàn jọ fún ẹ̀rọ tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀, Yorùbá sì wà níbẹ̀: ẹ ó ka gbólóhùn kan sókè, tàbí kí ẹ gbọ́ ti ẹlòmíràn kí ẹ sọ bóyá ó kà á tọ̀nà. Kí ẹ mọ̀ ṣáájú pé ohùn náà di ti gbogbo ayé, ilé iṣẹ́ ńlá náà lè lò ó láìsanwó. Èkejì ni OpenStreetMap, àwòrán ilẹ̀ ọ̀fẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 2004. Áàpù kan tó ń jẹ́ StreetComplete máa ń bi ẹni tó ń rìn lọ ní ìbéèrè kéékèèké: kí ni orúkọ òpópónà yìí, ṣé ọ̀dà ni wọ́n yọ́ sí i tàbí ilẹ̀ lásán ni. Ẹni tó bá ń gba Ṣápọ́n lọ sí Ìtòkú lè dáhùn márùn-ún kó tó dé ìsọ̀ aládìrẹ, òun ló sì mọ orúkọ tí àwọn ará ibẹ̀ ń pe kọ̀rọ̀ náà ju ẹni tó ń wo àwòrán láti òfuurufú lọ.

Ó wá ku ọmọ ẹ̀gbọ́n yín. Òótọ́ ni pé àwọn kan ti ti ibi iṣẹ́ ọ̀fẹ́ yìí rí iṣẹ́ tó ń sanwó, nítorí ẹni tó fẹ́ gba ènìyàn síṣẹ́ lè lọ ka ohun tó ti ṣe ní gbangba. Ètò tó ń sanwó tààrà náà wà: Google Summer of Code ti wà láti 2005, Outreachy náà ń sanwó fún àwọn tó bá yege, ó sì máa ń fẹ́ kí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ díẹ̀ fún sọ́fítíwíà kan kó tó gbà wọ́n. Open Source Community Africa, tí àwọn ọmọ Nàìjíríà dá sílẹ̀ ní 2018, máa ń kó àwọn tó wà nínú iṣẹ́ yìí jọ ní Èkó. Ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó ń ṣe é kò rí kọ́bọ̀ níbẹ̀, ẹni tó bá sì torí dọ́là wọlé ló máa ń ba iṣẹ́ jẹ́. Ní oṣù kẹwàá 2020, nígbà tí Hacktoberfest, ètò ọdọọdún tó ń rọ ènìyàn láti dá sí open source, ṣèlérí ṣẹ́ẹ̀tì ọ̀fẹ́ fún ẹni tó bá fi àtúnṣe mẹ́rin ránṣẹ́, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀rọ̀ kan tàbí méjì tí kò nítumọ̀ kún ìwé àlàyé sọ́fítíwíà ẹlòmíràn, títí àwọn tó ṣètò rẹ̀ fi yí òfin padà láàrin oṣù náà pé àwọn sọ́fítíwíà tó bá fi ẹnu ara wọn sọ pé àwọn fẹ́ nìkan ni yóò kópa. Nísinsìnyí, AI ni wọ́n fi ń ṣe é. Daniel Stenberg, ará Sweden tó ń darí curl, sọ́fítíwíà tí wọ́n fi ń gbé dátà kọjá lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ti ráhùn ní gbangba nípa ẹ̀sùn ààbò tí AI hun jáde, tó gùn, tó dán, tí kò sí òótọ́ nínú rẹ̀, tó sì ń jẹ àkókò wọn. Bí ọmọ náà bá fẹ́ kọ kóòdù, kó bẹ̀rẹ̀ láti ara àléébù kékeré tí òun fúnra rẹ̀ ti rí lójú. Àléébù orúkọ olámì ti ilé ìwé yín yẹn, bó bá jẹ́ pé ohun tí mo fura sí ni, ó lè jẹ́ iṣẹ́ ìlà díẹ̀, ẹ̀yin lẹ ó sì jẹ́ ẹni tó máa dán an wò fún un.

Ní ti ọ̀rọ̀ ọkọ yín, ilé iṣẹ́ ńláńlá ń fi iṣẹ́ ọ̀fẹ́ ènìyàn pa owó, ẹnikẹ́ni kò lè sẹ́ ìyẹn. Ìwé àṣẹ sọ́fítíwíà ló ń sọ bó ṣe máa rí. Ìwé àṣẹ bíi MIT gba ẹnikẹ́ni láyè láti kó kóòdù náà sínú ọjà tirẹ̀ kó sì ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Ìwé àṣẹ GPL ní kí ẹni tó bá pín in fún ẹlòmíràn fún ẹni náà ní kóòdù àtúnṣe tirẹ̀ náà, lábẹ́ àṣẹ kan náà. Ẹ kà á kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ibi, ẹ̀yin lẹ ṣì ni ohun tí ẹ kọ, ẹ kàn fún wọn láṣẹ láti lò ó ni. Ní ibòmíràn, wọ́n máa ní kí ẹ fọwọ́ sí àdéhùn, àwọn àdéhùn kan sì ń gbé ẹ̀tọ́ náà fún ilé iṣẹ́ pátápátá. Èmi kì í fọwọ́ sí irú ìyẹn, ṣùgbọ́n èèyàn rere tí mo mọ̀ ń fọwọ́ sí i. Ní ti sọ́fítíwíà tí ilé ìwé yín ń lò, ẹ ti jẹ àǹfààní rẹ̀ kí ẹ tó ṣe ohunkóhun fún un, nítorí náà n kò rí ìrẹ́jẹ níbẹ̀. Inú sọ́fítíwíà tó ń jẹ́ xz ni mo ti rí ewu tó jù ìyẹn lọ: ẹnì kan fi ó lé ní ọdún méjì ṣe oníwà pẹ̀lẹ́ tó ń ran ẹni tó ti rẹ̀ lọ́wọ́, títí wọ́n fi fún un ní kọ́kọ́rọ́, tó sì ki ohun búburú bọ inú rẹ̀, kí ẹnjiníà sọ́fítíwíà kan tó ń jẹ́ Andres Freund tó rí i ní oṣù kẹta 2024 nígbà tó ń wádìí ìdí tí ìwọlé sí kọ̀ǹpútà rẹ̀ fi ń fi ìdajì ìṣẹ́jú àáyá falẹ̀. Nítorí náà, bí wọ́n bá fi ìfura wo àlejò lẹ́yìn ìgbà náà, tí wọ́n jẹ́ kí ó pẹ́ kí wọ́n tó fún yín láyè, ẹ má bínú.

N kò lè fọwọ́ sọ̀yà fún yín pé wọn yóò dáhùn, kódà bí ìwé yín bá péye. Bí owó bá wà lọ́wọ́ ilé ìwé, ẹ lè fi ìwọ̀nba ránṣẹ́ sí wọn níbi tí wọ́n bá ti ń gba ìtọrẹ. Kò ra èsì, ṣùgbọ́n ó ń jẹ́ kí iṣẹ́ náà máa lọ. Wákàtí kan lọ́sẹ̀ tó. Iṣẹ́ tí ẹ bá sì ti sọ pé ẹ ó ṣe tí àyè kò wá gbà yín mọ́, ẹ kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ẹ ti gbé e sílẹ̀, kí ẹlòmíràn lè mú un. Ẹ má san kọ́bọ̀ fún ẹnikẹ́ni láti wọlé. Àwọn kan ti ń káàkiri, wọ́n ń gba owó ìforúkọsílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé gíga pé àwọn yóò fi wọ́n sínú open source, àwọn yóò sì wá iṣẹ́ òkèèrè fún wọn. Ojú ibi tí ẹ ti máa fi ẹ̀sùn yín sílẹ̀, ọ̀fẹ́ ni ìforúkọsílẹ̀ níbẹ̀.